Ẹsẹ̀ Ta Ló Wọ Bàtà Yìí?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí n lè tẹjú mọ́ iṣẹ́ mìíràn bó ti yẹ. Mo ní bàtà agẹṣin àtijọ́ kan, ti àwọn ọmọ ogun Faransé, bàtà gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, tí òǹtẹ̀ ológun wà nínú awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí àpá ẹṣin kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó irú bàtà bẹ́ẹ̀ jọ bíi tèmi yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bàtà tí wọ́n bá fi gun ẹṣin kì í lè fi ẹṣin pamọ́.

Àárín àwọn ẹrù àlòkù ní ọjà Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó mọ̀ pé bí òun bá ti rí bàtà tó ga ju bó ti yẹ lọ, èmi ni kí òun pè. Iye tó pè é kò wọ́n, mi ò sì bá a ná an pẹ́.

Ohun tí ẹṣin ń fi sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọn àpá tí mò ń wí, nítorí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Apá inú bàtà, ìyẹn ibi tí ojúgun méjèèjì ti kọjú síra wọn, ló ń fara gbo gàárì àti okùn awọ tí irin ìtẹsẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ibẹ̀ a máa dán, òógùn ẹṣin a sì mú kí awọ ibẹ̀ ṣókùnkùn, nígbà tí apá òde yóò ṣì máa fi àwọ̀ rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ hàn. Lábẹ́ bàtà, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti gbòòrò jù lọ, irin ìtẹsẹ̀ a máa fa ìlà kan tó dábùú rẹ̀. Lẹ́yìn gìgísẹ̀, kẹ́sẹ́ tí wọ́n fi ń gún ẹṣin a máa tẹ awọ wọnú díẹ̀, okùn kẹ́sẹ́ a sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ní ti gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀, ti ẹlẹ́ṣin kì í tètè jẹ, nítorí ẹṣin ló ń rìn, kì í ṣe òun.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí lára bàtà tèmi. Inú àti òde rẹ̀ ṣú bákan náà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣùgbọ́n iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ti jẹ débi pé okùn ìránbàtà ti yọ síta. Èyí tó tún wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ní ọrùn ẹsẹ̀ bàtà méjèèjì, díẹ̀ sókè kókósẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan yí awọ po yíká, bí ẹni pé nǹkan líle kan ti ń há a láti ọjọ́ pípẹ́.

Nọ́ńbà tó wà nínú awọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá olówó bàtà ológun, ìyẹn ẹni tó ni ín, ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ara òǹtẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Àwọn Faransé a máa tẹ orúkọ ẹni tó ṣe bàtà àti ọdún rẹ̀ sára awọ, wọn a sì tẹ ìwọ̀n ẹsẹ̀ mọ́ ọn: gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré kan tó ń sọ bí ó ti fẹ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà ọmọ ogun fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní matricule. Nínú bàtà tèmi, orúkọ aránbàtà ti parẹ́, nínú ọdún rẹ̀ 19 nìkan ló ṣẹ́kù tí ojú lè rí, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 27, nọ́ńbà méjì ló sì wà níbẹ̀: wọ́n fa ìlà pa ọ̀kan, wọ́n sì tẹ èkejì sábẹ́ rẹ̀.

Ìlà tí wọ́n fi pa nọ́ńbà rẹ́ yẹn ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò dáadáa. Bàtà tí ìjọba fún ọmọ ogun kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá parí iṣẹ́, bó bá kú, tàbí bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, bàtà a padà sínú àká, wọn a sì fi fún ẹlòmíràn. Ti àwọn ọ̀gá ológun yàtọ̀. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń rán bàtà lọ́dọ̀ aránbàtà tó bá wù wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń rí orúkọ tí wọ́n fi yíǹkì kọ sínú bàtà ọ̀gá, tàbí sára igi tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀ kó má baà wó. Orúkọ ni ti ọ̀gá. Nọ́ńbà ni ti àwọn yòókù.

Nọ́ńbà nìkan kò sì tó. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún tí wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ ogun, àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà náà rìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni yóò máa jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù: kí ó tó di 1920, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ń ka nọ́ńbà tirẹ̀, iná bọ́ǹbù Jámánì sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà, ọdún àti ọ́fíìsì pé ti rí ohun ńlá, nítorí ìwé Faransé yóò sọ bí ọkùnrin náà ti ga tó, àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀, àwọn ogun tó lọ àti ibi tí ọgbẹ́ ti bà á.

Ní ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tún wá lọ́jú pọ̀. Akọ̀wé a fi etí Faransé gbọ́ orúkọ, a kọ ọ́ bó ti gbọ́ ọ, a sì kọ “ní nǹkan bí” síwájú ọdún ìbí. Ẹni tó bá ti jókòó ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba tó wà ní Ouando níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ yóò mọ bó ti ń rí kí èèyàn bá orúkọ pàdé lórí ìwé, kó sì mọ̀ pé bí a bá fi pe olórúkọ náà ní gbangba, kò ní bojú wẹ̀yìn.

Ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́

Ìtàn ogun tí Faransé bá Dàhòmì jà ní 1892 kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Àjàṣẹ́, mi ò sì ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a rántí ni pé àwọn spahi, ìyẹn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Faransé, láti Senegal wà lára àwọn tí ọ̀gágun Dodds kó kúrò níhìn-ín lọ bá Béhanzin ọba Dàhòmì jà, pẹ̀lú ẹṣin wọn àti agbádá àwọ̀lékè pupa wọn. Inú ogun wọn ni ọ̀nà tí irú bàtà yìí fi wọ ilẹ̀ wa ti kọ́kọ́ ṣí, àwọn aláṣẹ ìlú àti àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn sì tún gbé òmíràn dé lẹ́yìn náà. (Àwọn spahi ilẹ̀ Algeria ń wọ bàtà awọ pupa tó rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń yangàn ní Morocco. Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọ̀pọ̀ awọ ewúrẹ́ pupa tí Yúróòpù gbà pé láti Morocco ló ti wá, Kánò àti àwọn ìlú Haúsá ni wọ́n ti ń pa á láró, tí ràkúnmí sì ń rù ú la aṣálẹ̀ kọjá.)

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀sà wa kì í gba ẹṣin. Eṣinṣin tsetse ń gbé àrùn bọ̀ ọ́ lára, ẹṣin a gbẹ, a sì kú. Bí a bá ń gòkè lọ sí Sábẹ̀ (Savè) ni ọ̀rọ̀ náà tó ń yí padà, nítorí ilẹ̀ Baríbá kò jìnnà síbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tí ẹṣin ti jẹ́ ọlá àwọn Wasangari, ìyẹn àwọn ọlọ́lá ibẹ̀, tí wọ́n sì ń gun ẹṣin ọlọ́ṣọ̀ọ́ jáde lọ́dọọdún níbi ayẹyẹ Gaani ní Nikki. Bio Guéra tó kọjú ìjà sí Faransé ní 1916 ti ibẹ̀ wá, orí ẹṣin ni ère rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Kùtọnu ní 2022 sì wà. Mi ò tíì kọjá lẹ́bàá ère yẹn rí kí ojú mi má kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá kú, ìrù rẹ̀ ló ń fi sáyé. Ní agbègbè tiwa, bàtà ẹni tó gùn ún ló máa ń fi sáyé. Ìdí nìyẹn tí bàtà agẹṣin fi pọ̀ ju bí ẹṣin ti pọ̀ rí lọ níhìn-ín, tí bàtà kọ̀ọ̀kan sì fi gbọ́dọ̀ wí tẹnu rẹ̀ kí a tó gbà pé ó gun ẹṣin lóòótọ́.

Lọ́dọ̀ Bàbá aránbàtà

Mo gbé bàtà náà lọ bá Bàbá kan tó ti ń rán bàtà ní Àjàṣẹ́ láti ìgbà èwe wọn. Mo ti fi ìwé kékeré kan tí mo ya òǹtẹ̀ sí há inú bàtà, kí wọ́n lè rí i kíá. Wọ́n yọ ìwé náà, wọ́n fi lélẹ̀ lórí àpótí láìwò ó, wọ́n sì yí bàtà dojú dé.

Wọ́n fi àtàǹpàkò ra iwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lára èkejì. Wọ́n wá mú abẹ́rẹ́ ìránbàtà tó tín-ín-rín jù lọ, wọ́n sì fi ẹnu rẹ̀ ha inú ọ̀kan nínú àwọn ìlà tó yí ọrùn ẹsẹ̀ bàtà po, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún, wọ́n sì nu ẹnu abẹ́rẹ́ náà mọ́ àkísà funfun. Ohun tó hàn lára àkísà pọ́n bí epo tó ti ṣá.

“Irin rèé,” ni wọ́n wí. “Irin tó ti dípẹtà.”

“Bàbá, ṣé kì í ṣe kẹ́sẹ́?”

“Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni kẹ́sẹ́ ń gbé. Èyí yí i po. Kò sì dúró lójú kan. Wò ó bó ti ga níhìn-ín tó sì lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń fò sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀.” Wọ́n tún yí bàtà padà. “Ẹni tó ń rìn a máa jẹ gìgísẹ̀. Ẹni tó ń gun ẹṣin kì í jẹ ohun tó pọ̀. Iwájú ẹsẹ̀ ni eléyìí fi ń tẹ ilẹ̀, kò sì rọra tẹ̀ ẹ́.”

Mo rò pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ wọn. Àfi bí wọ́n ṣe gbé bàtà sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì lu orí àpótí iṣẹ́ wọn, ìlù tó ń sáré tó sì ń dá dúró lójijì, tí gbogbo ẹni tó bá ti dúró rí ní agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ ibi tó ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ wọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí n tó lóye. Ṣaworo irin tí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ni Bàbá ń sọ. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n so ó fún: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ohun tí ìlù bá wí wí, ṣaworo sì ni a fi ń gbọ́ bí ó bá ṣìnà.

“Ọmọ mi,” ni Bàbá wí, “ẹni yìí kò fi bàtà yìí gun ẹṣin rí. Ijó ló fi jó.”

Ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá ni wọ́n ní yóò rí ìríkúrìí. Ìríkúrìí tèmi dùn mọ́ mi ju ohun tí mò ń wá lọ.

Èkejì rẹ̀ ńkọ́?

Láti ibẹ̀ ni mo ti fi òǹtẹ̀ sílẹ̀, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà náà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, láti ọwọ́ ẹni tó tà á fún mi lọ sí ọwọ́ ẹni tó tà á fún un, títí mo fi dé agbo ilé kan ní Kétu níbi tí ọmọkùnrin kan ti kó ẹrù àjà ilé tà nígbà tí wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe. Ìyá àgbà ilé náà kò mọ̀ pé bàtà wà lára ohun tó tà. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn tán, tí mo sì tú bàtà jáde nínú àpò, wọn kò béèrè ẹni tí mo jẹ́ mọ́.

“Èkejì rẹ̀ ńkọ́?” ni wọ́n bi mí.

Mo fi bàtà òsì àti ti ọ̀tún hàn wọ́n. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní méjì-méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde, pé bàtà Bàbá àwọn nìyí, pé ti ẹni tó ń bá Bàbá àwọn jó dà.

Ohun tí Ìyá sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò sí nínú ìwé ìpamọ́ kankan. Wọ́n ní ọkùnrin ilé kejì kan wà tó ń tọ́jú ẹṣin fún òyìnbó tó wà ní Kétu láyé ìgbà náà. Ẹṣin kú tán. Òyìnbó ní kí ó máa lọ sílé, bàtà gígùn méjì, tó tó ẹni méjì wọ̀, ló sì fi dí ohun tó kù nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, ni Bàbá Ìyá bá fi ẹrù iṣu gbà á. Ní ọdún yẹn, wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjèèjì tí wọ́n ń gbé sórí jó, àwọn oníjó méjèèjì sì wọ bàtà jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ń rìn gbọn-ọn-gbọn-ọn káàkiri agbo bí òyìnbó tó ń wo oko ẹlòmíràn, ẹ̀rín sì ń pa èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ìlù yí padà, bàtà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò lè dábàá rẹ̀ láéláé. Ìyá ṣì mọ ìlù náà. Wọ́n fi ẹnu lù ú fún mi.

Ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Kétu. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, náà ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá iyebíye ní 2001, ó sì wọ inú àkójọ àjogúnbá wọn ní 2008. Èmi tí mo ti rí i ní àìmọye ìgbà, mi ò tíì wo ẹsẹ̀ oníjó bí mo ṣe ń wò ó báyìí.

Ta wá ni olówó rẹ̀?

Àwọn tí a jọ ń kó bàtà jọ a máa fi “olówó àkọ́kọ́” ṣe òpin ìwádìí, bàtà tó bá sì ní orúkọ ọ̀gá ológun nínú ni owó rẹ̀ ń ga jù. Mo ti ń bá èrò yẹn jà nínú ara mi. Bí a bá tẹ̀ lé òfin àwọn ológun, olówó àkọ́kọ́ bàtà mi ni ìjọba Faransé, àwọn méjì tí nọ́ńbà wọn wà nínú rẹ̀ kàn yá a lò ni. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin ni ẹni àkọ́kọ́ tó ni ín ní ti gidi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbà á, kò sì wọ̀ ọ́ rí. Oníjó ló wọ̀ ọ́ jù lọ. Nínú gbogbo wọn, àwọn méjì tó kàn yá a lò nìkan ni ìwé Faransé mọ̀.

Nítorí náà, ní ilẹ̀ bíi tiwa, mo gbà pé láti ọwọ́ ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn ni ó yẹ kí a ti máa bẹ̀rẹ̀, kí òǹtẹ̀ sì wá lẹ́yìn. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé òǹtẹ̀ yóò gba Paris kọjá, yóò sì fo Kétu. Ó tún ní ohun kan tó ń bí mi nínú gidigidi nínú òwò yìí: kí bàtà tó dé iwájú ẹni tó fẹ́ rà á, wọ́n á ti fi pọ́líìṣì dúdú kùn ún, wọ́n á ti kan àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn, wọ́n á sì pe ìyẹn ní àtúnṣe. Ohun tí wọ́n nù kúrò yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn wọ̀nyí sì ń sọ àgbà di ọmọdé kí wọ́n lè rí èrè díẹ̀ jẹ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun

Ọ̀rọ̀ yìí wá padà sórí mi. Àwọn ọ̀dọ́ ilé Ìyá ti gbọ́, wọ́n sì fẹ́ fi bàtà náà jó nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá tún jáde. Iwájú rẹ̀ ti lu, kò ní gba ijó kan tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Ìyá pé bí a bá kan àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun, ẹsẹ̀ Bàbá wọn ni a ń bọ́ dànù. Ìyá ní ẹsẹ̀ Bàbá àwọn wà lára ọmọ tó fẹ́ jó, àti pé bàtà tí èèyàn fi ń ṣọ́ ògiri kò jọ àwọn lójú. A fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni èmi tí ń bá àgbà fa ohun tó jẹ́ tiwọn?

Bàbá aránbàtà ló là wá. Wọ́n ní àwọn yóò fi abẹ tín-ín-rín gé okùn ìránbàtà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ àtijọ́ lè jáde lódindi, àwọn yóò sì rán tuntun sí ojú ihò ti tẹ́lẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àtijọ́ náà ń bẹ lọ́dọ̀ mi báyìí, pẹ̀lú àwòrán ìlà ọrùn ẹsẹ̀ àti nọ́ńbà méjèèjì. Bàtà ti padà sí Kétu. Mi ò gba owó mi padà, wọn kò sì fi lọ̀ mí.

Ìyá rò pé bàtà kejì bá ọmọbìnrin ẹni tó ń bá Bàbá wọn jó lọ sí ilé ọkọ ní Sábẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí bá wà ní Sábẹ̀ tàbí ní abà tó yí i ká, tó sì rí bàtà gígùn àtijọ́ kan nínú àjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí òǹtẹ̀. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wò ó bóyá iwájú rẹ̀ ló jẹ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì pé, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, ẹ pè mí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pọ́líìṣì kàn án kí n tó dé.